Wọ́n ní kò sí, ọkàn mi ò gbà

Aránṣọ Ìjàpọ̀: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Èmi àti ọ̀rẹ́kùnrin mi àtijọ́ ti pínyà lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ ní Arákálẹ̀, níbí ní Àkúrẹ́, pé ó ní kòkòrò apa sójà ara, a kì í sì í lo rọ́bà. Mo ṣe àyẹ̀wò lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n ní kò sí. Oṣù mẹ́ta kọjá, mo tún ṣe é, kò sí. Mo lọ síbòmíì tí wọn ò ti mọ̀ mí, kò sí náà ni. Síbẹ̀, tí egbò bá yọ sí mi lẹ́nu báyìí, àyà mi á já. Mo ya fọ́tò ike àyẹ̀wò yẹn. Lóru, mo máa ń fẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, bóyá ìlà kejì tó ń sọ pé kòkòrò wà ti ń yọ. Ṣé kì í ṣe pé ó sá pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀? Àfẹ́sọ́nà mi ti ń bi mí ìdí tí mo fi ń rù.

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Àgbo kan wà ní Ọjà Ọba tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Wá bá mi níkọ̀kọ̀.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Àró: Mọ́mì, ẹ dákun, kí ni àgbo fẹ́ fọ̀ níbẹ̀? Àbúrò, gbọ́. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń gún ìka fún yẹn, ohun tí ara ń pèsè láti fi bá kòkòrò jà ló ń wá. Ó lè tó 90 ọjọ́ kí ìyẹn tó hàn. Èyí tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lápá lọ sí láàbù, tó ń wá ara kòkòrò náà mọ́ ọn, á ti rí i kí 45 ọjọ́ tó kọjá. Ìdí nìyẹn tí ti oṣù kan ò fi tó gbára lé. Ṣùgbọ́n èyí tó o ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tí kò bá tíì sí ewu míì láàárín, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò sá pamọ́ síbì kankan. Ìlà kan ṣoṣo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà C lára ike yẹn ń sọ pé ike náà ṣiṣẹ́ ni. Ìlà tó bá yọ lẹ́yìn àkókò tí wọ́n kọ sára páálí, a kì í kà á. Pa fọ́tò yẹn rẹ́, jọ̀ọ́.

Ẹlòmíì tó ń kà á, tí rọ́bà bá já mọ́ ọ lára lónìí, má jókòó ka oṣù o. Sáré lọ sílé ìwòsàn kí 72 wákàtí tó pé. Oògùn ìdènà wà, 28 ọjọ́ ni wọ́n ń lò ó.

Oníbúrẹ́dì: Èmi ní in. Mò ń lo oògùn mi déédéé, àyẹ̀wò ò rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ mi mọ́, mi ò sì lè kó o ran ọkọ mi nípa ìbálòpọ̀. Ọmọ tí mo bí ò ní in. Mò ń tajà, mò ń jó lóde. Àwọn ará Arákálẹ̀ yẹn, ṣé wọ́n tẹ̀ lé ọmọkùnrin náà dé láàbù ni?

Aránṣọ Ìjàpọ̀: Ẹ ṣé, mà. Mo ti pa fọ́tò náà rẹ́. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ṣì ń ní kí n lọ ṣe òmíì lọ́la.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Àró: Má lọ. Ara á tù ọ́ fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ̀rù á tún dé, á tún ní kó o lọ ṣe òmíì. Ẹ̀rù yẹn gan-an ló kù tó yẹ ká tọ́jú. Ta ló ń sanra nígbà tí kò jẹun?

Bàbá Káfíńtà: Èyí tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó gbéyàwó ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Àró: Ìyẹn dára, sà, torí àfẹ́sọ́nà náà gbọ́dọ̀ ṣe tiẹ̀. Kí àwọn méjèèjì jọ lọ. Àbúrò, ilé ìwòsàn ọpọlọ wà lójú ọ̀nà Ọ̀dà, kì í ṣe wèrè nìkan ló ń lọ síbẹ̀.

Aránṣọ Ìjàpọ̀: Kí ni mo máa sọ pé ó ń ṣe mí?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Àró: Sọ pé oorun ò kùn ọ́, àyà rẹ ń já, o sì ń ṣe àyẹ̀wò ṣáá. Tètè jáde láàárọ̀, èrò máa ń pọ̀.