Ẹ jẹ́ ká pè é ní àárẹ̀ orí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Lórí orúkọ Yorùbá tá a máa fi túmọ̀ "mental illness" tá a jọ ń wá, "àárẹ̀ orí" ni mo fara mọ́. Ẹ̀gbọ́n tó ní ká gba "àrùn ọpọlọ" fún gbogbo nǹkan tí wọ́n ń wò ní Árò, ọsibítù àwọn tí orí wọn dàrú ní Abẹ́òkúta, torí pé ó ti mọ́ àwọn èèyàn lẹ́nu, mo gbọ́ yín, àmọ́ mi ò lè fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ yẹn ti dájọ́ kí dókítà tó yẹ èèyàn wò. Tẹ́ ẹ bá ti ní ọpọlọ ni, ẹbí á ní kí wọ́n ṣáà fún un lábẹ́rẹ́, tiwọn ti parí nìyẹn. "Àrùn ọkàn" tí ẹlòmíì mú wá ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ríru làwọn èèyàn máa rò. Wèrè sì rèé, ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀ ló máa ń tẹ̀ lé e.

Ẹ wo nǹkan tí Adéoyè Lambo, dókítà tó ń tọ́jú wọn ní Árò, ṣe ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1954. Kò ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn aláìsàn, abúlé tó yí Árò ká ló fi wọ́n sí, wọ́n gba yàrá lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀, ẹnì kan nínú ẹbí gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, òun ló ń dáná fún un, òun ló ń mú un lọ gba ìtọ́jú ní ọsibítù, tí wọ́n bá dé wọ́n á bá ará abúlé re oko. Lambo pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ó sì ń lo oògùn òyìnbó, ó ń fi iná mànàmáná tọ́jú orí pàápàá o! Orúkọ tó mẹ́nu ba ọpọlọ nìkan ò lè gba gbogbo ìyẹn.

Ẹnì kan ní tá a bá ti fi orí sí i, ayé àti àṣàsí làwọn èèyàn máa kà á sí, wọn ò ní lo oògùn mọ́. Ìbẹ̀rù yẹn yé mi dáadáa. Àmọ́ àwọn baba tó ń sọ pé "orí ẹ̀ dàrú" náà ló ń fún aláìsàn ní gbòǹgbò asòfẹ́yẹjẹ, reserpine sì wà nínú gbòǹgbò yẹn, oògùn táwọn dókítà òyìnbó náà lò fáwọn aláìsàn wọn láàárín 1950 sí 1960. Orí ò dí oògùn lọ́nà rí. Ó fàyè gba ọpọlọ, ó fàyè gba ẹbí, ó fàyè gba ìpín.

Òfin tí Buhari fọwọ́ sí ní Jánúárì 2023 lórí ìtọ́jú àwọn aláìsàn yìí (Mental Health Act) ti rọ́pò ti 1958 tó ń pe èèyàn ní "lunatic", ìyẹn wèrè, ẹni tó bá máa túmọ̀ ẹ̀, "àárẹ̀ orí" ni kó lò, ó pẹ̀lẹ́ létí. Ìrẹ̀wẹ̀sì (depression) ti ní orúkọ tiẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wá ku orúkọ dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀ (psychiatrist): mo mú "dókítà àárẹ̀ orí" wá, ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ kó gbé e jáde.