"Run" kì í ṣe sáré níbi gbogbo: ọ̀rọ̀ lórí "alájọsáré"

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Láti ìgbà tí bùrọ̀dá wa kan ti dá ọ̀rọ̀ tuntun, "alájọsáré", pé òun ni Yorùbá "running mate", ìyẹn ẹni tí olùdíje mú pé kó ṣe igbákejì òun, ni ara mi ò ti gbà á. Mo ka àlàyé wọn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní "run" ni sáré, "mate" ni alájọ-, ó parí. Ẹ dákun, kò parí.

Ní àárọ̀ Sátidé tó kọjá, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tí a ti ń ra omi lọ́wọ́ mai ruwa, àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ta omi, ní Kubwa l'Abuja níbí, ẹ̀rọ omi wa mí fìì, ó tu omi pupa díẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí a bí sí Abuja, figbe ta láti ilé ìdáná: "Mọ́mì, omi ń sáré!" Mo gbé garawa sáré lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Omi ń yọ, omi ń dà, odò ń ṣàn. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ló sọ fún mi pé imú òun ń sáré. Ikun ló ń dà, ọmọ mi. Ojoojúmọ́ ni mo ń tún un sọ fún un. Kí n wá rí i pé àgbàlagbà tó kàwé lórí èdè ń ṣe ohun tí mo ń bá ọmọ wí lé lórí!

Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé atúmọ̀ èdè Oxford ń tún "run" gbé yẹ̀wò, oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni ẹnìkan fi jókòó tì í, ìtumọ̀ 645 ló sì bá nídìí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló ń ru gbogbo ẹrù yẹn fún wọn. Àwa ti pín in: ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, àdìrẹ ń ṣí, epo tán nínú mọ́tò, ènìyàn du ipò. Sáré tiwa ní iṣẹ́ tirẹ̀. A lè ní kí ọmọ sáré jẹun, kò sì ní dìde lórí àga. Àwọn àgbà sì ní ẹnìkan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e. Ẹni tó ń du ipò ńkọ́, èwo ló ń ṣe nínú méjèèjì?

Ṣùgbọ́n "alájọ-" yẹn gan-an ló bí mi nínú jù. Àwọn tí wọ́n bá jọ sáré, ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń bá ara wọn díje ni? Nínú ìbò ààrẹ June 12, 1993, Abíọ́lá àti Tofa ló jọ sáré. Kingibe, tí Abíọ́lá mú ṣe igbákejì, kò bá a sáré rárá; ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà. Bí a bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ tí bùrọ̀dá dá yìí, Tofa ni alájọsáré Abíọ́lá! Bàbá mi, tí wọ́n kọ́ ọmọ ní Yorùbá títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní Mọ́pà, kò pe Kingibe ní nǹkan mìíràn lọ́dún náà ju "igbákejì" lọ.

Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò fẹnu kò. Ará Amẹ́ríkà ní "run" fún ìbò, ará Bìrìtìkó ní "stand". Ká ní àwọn yẹn la tẹ̀ lé, "alájọdúró" ni à bá máa jà lé lórí lónìí. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, ní abala 142, kò sì pe ẹni náà ní "running mate". "Associate" ló pè é. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé ní gudu fún eré sísá, ṣùgbọ́n takara ni wọ́n ń pe ìdíje ìbò. Wọn ò da méjèèjì pọ̀.

Èmi ò bá yín fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré, torí abala 55 nínú òfin kan náà sọ pé a lè fi Yorùbá ṣe iṣẹ́ ilé aṣòfin bí ètò rẹ̀ bá ti tó. Lọ́jọ́ tí ètò náà bá dé, ohun tí a bá kọ sílẹ̀ ni wọn yóò kà níbẹ̀.

 

"Igbákejì olùdíje" ni mo fara mọ́. Ẹnìkan ní ó ti gùn jù. "Alájọsáré" tó kúrú, ta ló ń tọ́ka sí? Kí bùrọ̀dá dá mi lóhùn lórí Tofa yẹn ná.