Wọ́n ń yọ owó orí lórí ibi tí mò ń gbé ọkọ̀ sí níbi iṣẹ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùkẹ́ Ọmọ Ìkirè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láti ọjọ́ Ẹtì tí mo ti rí payslip mi ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. Wọ́n kọ "parking" sí i, wọ́n kọ $120 síwájú rẹ̀, wọ́n wá rò ó pọ̀ mọ́ owó iṣẹ́ mi bí ẹni pé wọ́n kó o lé mi lọ́wọ́. Owó tí mi ò fojú rí yẹn ni wọ́n yọ owó orí lé. Ohun tó wọ báǹkì mi fi ohun tó lé ní $40 dín, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n sì ń sanwó fún wa!

Ẹ jẹ́ n sọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Abẹ́ ilẹ̀ ni, àjà kẹta nísàlẹ̀. Omi ń kán láti òkè sórí gíláàsì ọkọ̀ mi, ó ń fi ojú funfun sílẹ̀ bí ẹfun. Òpó kan fún mọ́ ilẹ̀kùn mi débi pé ẹ̀gbẹ́ kejì ni mo ń rá gbà jáde. Ọ̀gá mi ní àyè lókè, kò sọ pé wọ́n yọ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òun. Ẹni tí a jọ wọṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà ń wọ tiréènì, owó tirẹ̀ pé. Èmi tí mo ní ọmọ mẹ́ta ńkọ́? Ṣé kí n dá àyè náà padà ni, àbí kí n wá lọ́yà?

Ìyá Ìbejì, Leicester:
Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí mi. Wọ́n ń rẹ́ yín jẹ ni. Níbí ní Ìlú Ọba, bí ilé iṣẹ́ bá fún èèyàn ní ibi ìgbọ́kọ̀sí níbi iṣẹ́ tàbí nítòsí rẹ̀, kò sí owó orí lórí rẹ̀. Ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ fún ni gùn wálé ni wọ́n ń gbowó orí lé. Ẹ kọ̀wé sí wọn kíákíá.

Bàbá Nottingham:
Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì parí ẹ̀. Láti 2012 ni káńsù wa ti ń gbowó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tí àyè ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ bá ju 10 lọ. £288 lórí àyè kan lọ́dún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ti gun òkè gan-an. Ara owó oṣù wa ni ilé iṣẹ́ tèmi ń yọ ọ́. Wọ́n ní táráàmù, ọkọ̀ ojú irin inú ìgboro, ni wọ́n ń fi owó náà ṣe. Ó dé àdúgbò Clifton lóòótọ́, kò dé ọ̀dọ̀ mi.

Ìyá Ìbejì, Leicester:
Ilé iṣẹ́ ni òfin ní kó san án, bàbá. Àwọn ni wọ́n gbé e kọ́ yín lọ́rùn.

Bàbá Nottingham:
Àpò mi náà ló ti ń jáde.

Túndé Houston:
Dọ́là ni àǹtí kọ. Ní Amẹ́ríkà, ní 2025, ibi ìgbọ́kọ̀sí tí kò bá ju $325 lọ lóṣù kò ní owó orí lọ́rùn òṣìṣẹ́. $120 lọ́sẹ̀ méjì kò dé bẹ̀. Èmi náà ti jìyà páákì rí o. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ mi lọ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ìsìn ò tíì parí! Owó tí mo fi gbà á padà, mi ò ní gbàgbé.

Alhaja Surulérè:
Ẹ máa dúpẹ́. Lójoojúmọ́ ni mò ń fún àwọn ọmọ tó ń ṣọ́ ọkọ̀ ní Marina lówó, ilé iṣẹ́ ò bi mí léèrè. Ìlú wo lẹ tiẹ̀ wà?

Àdùkẹ́ Ọmọ Ìkirè:
Calgary ni. Mo rò pé ẹ mọ̀, mo kọ ọ́ síbí nígbà tí mò ń bèèrè ẹ̀wù òtútù. Alhaja, ẹ má bínú, mi ò lè dúpẹ́ fún owó tí wọ́n ń yọ lọ́wọ́ mi.

Kọ́lá Winnipeg:
Kánádà! Ẹ fi ti London àti Houston sílẹ̀. Iṣẹ́ ìṣírò owó oṣù ni mò ń ṣe níbí. CRA, àjọ tó ń gba owó orí ní Kánádà, ka ibi ìgbọ́kọ̀sí tí ilé iṣẹ́ fún ni mọ́ owó iṣẹ́. Iye tí ará ìta máa san fún irú àyè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wò, wọ́n á yọ ohun tí òṣìṣẹ́ bá san kúrò, ìyókù á wọ T4, ìwé tí ilé iṣẹ́ ń kọ owó iṣẹ́ èèyàn lọ́dún kan sí. CPP, owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń yọ, kàn án; EI, owó tí wọ́n ń yọ nítorí ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò kàn án. $120 yín lọ́sẹ̀ méjì, $260 lóṣù nìyẹn. Láàárín ìgboro Calgary, kò yà mí lẹ́nu.

Ó ní àwọn tí kò kàn: aláàbọ̀ ara, ibi tí òṣìṣẹ́ àti oníbàárà jọ ń gbé ọkọ̀ sí lọ́fẹ̀ẹ́ bíi ti mọ́ọ̀lù, àti ibi tí àyè ò kárí, tó jẹ́ pé ẹni tó bá tètè dé ló ń rí. Tiyín ní nọ́ńbà?

Àdùkẹ́ Ọmọ Ìkirè:
Ó ní nọ́ńbà, èmi nìkan ló ni ín. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n wọ tiréènì. Ṣé inú tiréènì ni mo fẹ́ máa gbé àpò oògùn àti ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru láti ilé aláìsàn kan dé òmíràn, nínú yìnyín?

Kọ́lá Winnipeg:
Àǹtí, ẹ dúró ná. Ọkọ̀ tara yín lẹ fi ń lọ sílé àwọn aláìsàn? Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, àbí déédéé?

Àdùkẹ́ Ọmọ Ìkirè:
Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú èèyàn nílé wọn ni mí. Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀ ni mò ń jáde, ọjọ́ Ẹtì nìkan ni mo ń jókòó sí ọ́fíìsì. Ó wà nínú ìwé tí wọ́n fi gbà mí pé mo gbọ́dọ̀ ní ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ páákì ni mo bèèrè, ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi.

Kọ́lá Winnipeg:
Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ẹ̀ wà. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń béèrè pé kó máa lo ọkọ̀ déédéé, kò yẹ kí wọ́n ka páákì sí owó fún un. Ẹ má dá àyè yín padà o! Ẹ má sì tíì náwó lọ́yà. Ẹ kọ̀wé sí pérọ́ọ̀lù, ẹ fi ìwé ìgbanisíṣẹ́ yẹn mọ́ ọn, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ibi tí ẹ ń lọ. Òpin oṣù kejì ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín ní T4. Bí èyí tó ti jáde bá ní àṣìṣe, wọ́n lè tún un ṣe. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ lè tako ìṣírò CRA fúnra yín. Ẹ ní 90 ọjọ́ láti ìgbà tí ìwé ìṣírò jáde, tàbí ọdún kan lẹ́yìn ọjọ́ tó yẹ kí ẹ ti fi ìwé owó orí sílẹ̀, èyí tó bá pẹ́ jù.

Ìyá Ìbejì, Leicester:
Mo ti ní kí wọ́n kọ̀wé láti òwúrọ̀.

Àdùkẹ́ Ọmọ Ìkirè:
Àkọsílẹ̀ wà, torí wọ́n ń san owó epo fún mi ní kìlómítà-kìlómítà. Ọ̀gá mi tó ní àyè lókè yẹn ló ń buwọ́ lù ú. Ṣé kí n gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni, àbí kí n kọ tààrà?

Kọ́lá Winnipeg:
Tààrà, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Owó kìlómítà tí wọ́n ti ń san yẹn, àwọn fúnra wọn ló ti jẹ́rìí pé iṣẹ́ lẹ fi ọkọ̀ ń ṣe.