Mọ́ọ̀dù wo ni kí n fi rọ òjé ẹsẹ̀ àwọ̀n?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Lafẹ́nwá ni mo wà, odò Ògùn ni mo ti ń pẹja. Òjé ẹsẹ̀ àwọ̀n ìjù mi ti já tán, àpáta inú odò yìí ló ń jẹ wọ́n. Iye tí wọ́n ń pe tuntun lọ́jà ká mi láyà, ni mo bá ní kí n máa rọ ọ́ fúnra mi: kí n yọ́ òjé, kí n dà á sínú ihò mọ́ọ̀dù kó dì. Wẹ́dà kan ní òun lè fi irin ṣe mọ́ọ̀dù oníhò méjì fún mi. Ẹlòmíràn ní alumíníọ̀mù oníhò mẹ́wàá ló dáa, àmọ́ owó rẹ̀ ga. Èwo ni kí n mú? Àwọ̀n mi gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8 láti àárín dé etí.

Bàbá Alágbẹ̀dẹ: Ọmọ mi, mú alumíníọ̀mù. Ó tètè ń gbóná, kì í sì í dípẹtà. Irin lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá odò fún oṣù kan kí o wo inú rẹ̀. Má bẹ̀rù pé mọ́ọ̀dù á yọ́: ìwọ̀n 327 ti Celsius ni òjé ti ń yọ́, alumíníọ̀mù di 660. Fi èéfín àtùpà mú inú rẹ̀ dúdú, òjé á máa já bọ́ wẹ́rẹ́. Méjì-mẹ́ta àkọ́kọ́ á hunjọ torí mọ́ọ̀dù ò tíì gbóná. Dá wọn padà sínú ìkòkò.

Apẹja Ọyán: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣírò ó ná. Àwọ̀n yín á gba bíi kílò 4 àbọ̀. Bí ẹyọ kan bá jẹ́ gíráàmù 20, ẹyọ 225 nìyẹn. Pẹ̀lú oníhò méjì, ìgbà 113 lẹ máa dà á! Oníhò mẹ́wàá, ìgbà 23. Kí ihò rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, kó má nígun. Olórí bàǹtù ló ń há sáàárín àpáta.

Ọmọ Òlúmọ: Èmi rò pé ọwọ́ olóòṣà nìkan ni òjé ń gbé 😀 Ẹ ò ṣe fi ṣéènì tẹ́ẹ́rẹ́ rọ́pò?

Apẹja Ọyán: Ṣéènì, nínú àpáta yẹn? Ìwọ lo máa wọdò lọ tú u.

Fọkanáísà Kútọ̀: Ẹ lè ra òjé báláǹsì táyà àlòkù lọ́wọ́ wa, àmọ́ ẹ ṣà á. Nínú ti òde òní, òmíràn irin ni, òmíràn síǹkì. Èyí tí ọ̀bẹ bá gé wọlé, òjé nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí iná pọ̀ jù, síǹkì á léfòó, ẹ fi ṣíbí kó o kúrò.

Ìyá Ìbejì, Aṣero: Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ fẹ́ ti yọ́ ọ? Nọ́ọ̀sì ni mí. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìnkùlé tí ọmọdé ti ń ṣeré, ẹ má dán an wò. Ní 2010, ní Zamfara, ọmọdé tó lé ní 400 ni òjé pa, torí pé inú ilé làwọn èèyàn ti ń lọ òkúta góòlù tí òjé wà nínú rẹ̀. Ẹ má yọ́ bátìrì ọkọ̀ láéláé. Ẹ fọwọ́ kí ẹ tó jẹun, ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ síta, ìkòkò yẹn ò sì gbọdọ̀ dé ilé ìdáná mọ́.

Bàbá Alágbẹ̀dẹ: Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé. Mo tún gbàgbé omi! Ẹ̀kán kan péré bá kán sínú òjé gbígbóná, á bú gbàù sókè. Àpá rẹ̀ wà lábẹ́ ojú mi òsì. Bí òjò bá ṣú, pa iná.

Oníbéèrè: Mo dúpẹ́ o. Alumíníọ̀mù oníhò mẹ́wàá ni, ẹ̀bá odò níbi tí ilé ò sí ni màá ti ṣe é. Bàbá, sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ fi la ọ̀nà okùn. Ṣé òjé kò ní lẹ̀ mọ́ ọn?

Bàbá Alágbẹ̀dẹ: Fi èéfín kùn ún bíi ti mọ́ọ̀dù. Fà á yọ kó tó tutù.