Ta ni ọ̀gá receiver ní NFC North? Ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Minnesota ni mò ń gbé, Vikings sì ni tèmi. Mo fẹ́ kí a gbé Justin Jefferson, receiver wa (ẹni tó ń sáré lọ hán bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù), sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn receiver tí Lions ti Detroit, Packers ti Green Bay àti Bears ti Chicago ń lò. Ìpín kan náà, NFC North, la jọ wà nínú NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ẹ̀ẹ̀mejì la sì máa ń pàdé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní sáà. Ẹ má kàn ka iye yáàdì (bí wọ́n ṣe gbé bọ́ọ̀lù jìnnà tó) fún mi, ẹ sọ ohun tí ẹ fojú ara yín rí.

Tèmi rèé. Ní oṣù Kẹsàn-án 2022, Packers wá bá wa ní U.S. Bank Stadium. Eré àkọ́kọ́ tí Kevin O'Connell máa darí gẹ́gẹ́ bí kóòṣì àgbà nìyẹn. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ Abẹ́òkúta tó ti pẹ́ níbí jù mí lọ, la jọ jókòó lókè pátápátá. Ẹ̀gbọ́n ní kí n má wo bọ́ọ̀lù rárá, ibi tí Jefferson bá dúró sí ni kí n máa wò kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Tí o bá ń wo tẹlifíṣọ̀n, bọ́ọ̀lù ni kámẹ́rà máa ń tẹ̀ lé, o kò ní rí ẹni tó ń já sí gbangba lẹ́yìn. Láti òkè yẹn, mo rí i kedere. Ó dúró lápá òsì, ó dúró lápá ọ̀tún, wọ́n tún gbé e wá sáàárín. Packers kò yan ẹnì kan tí yóò máa tẹ̀ lé e káàkiri. Bọ́ọ̀lù 9 ló hán, ó fi kó yáàdì 184, ó sì gba touchdown méjì, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó dé òpin pápá wọn. A nà wọ́n 23 sí 7.

Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2023, a lọ bá wọn ní Lambeau, pápá tiwọn. Jaire Alexander, ẹni tó ń ṣọ́ receiver fún Packers, ti sọ lọ́sẹ̀ yẹn pé oríire lásán ni ohun tí Jefferson ṣe nígbà àkọ́kọ́. Òun náà ló dúró tì í lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì ń fi ẹlòmíràn ràn án lọ́wọ́ láti ẹ̀yìn. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni Jefferson hán, yáàdì 15. Packers fi 41 sí 17 lù wá.

Ẹ wo ìyẹn dáadáa. Agbábọ́ọ̀lù kan náà, ẹgbẹ́ kan náà, sáà kan náà, 184 àti 15. Láti ìgbà yẹn, tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi receiver méjì wéra lọ́dọ̀ mi, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń bèèrè ni pé ènìyàn mélòó ni wọ́n fi ṣọ́ ọ, ta ni ó sì ń ju bọ́ọ̀lù sí i. Sáà yẹn kan náà ni Jefferson parí pẹ̀lú yáàdì 1,809, kò sì sí ẹni tó bá a dé ibẹ̀ ní gbogbo NFL.

Ṣùgbọ́n sáà 2023 ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Jefferson dá mi lójú jù. Iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ fà ní oṣù Kẹwàá, eré 10 péré ló kópa nínú rẹ̀. Kirk Cousins, tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wa, ṣèṣe kí Jefferson tó padà. Joshua Dobbs, Nick Mullens àti Jaren Hall ló wá ń ju bọ́ọ̀lù sí i lẹ́yìn náà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀ ó kó yáàdì 1,074. Ní Detroit, ní eré tó kẹ́yìn sáà náà, yáàdì 192 ló kó pẹ̀lú Mullens, lọ́jọ́ tí Lions nà wá. Ta ni nínú àwọn tó kù tó ti la irú sáà bẹ́ẹ̀ kọjá?

(Bills kò sí ní ìpín wa, nítorí náà n kò ka eré Buffalo ti oṣù Kọkànlá 2022 mọ́ ọn, ọjọ́ tó fi ọwọ́ kan já bọ́ọ̀lù gbà mọ́ Cam Lewis, ẹni tó ń ṣọ́ ọ, lọ́wọ́ nígbà tí a nílò yáàdì 18. Àmọ́ ṣé ẹ rántí pé ipò 22 tí a fi mú un ní draft 2020 (ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun), ọwọ́ Bills náà la ti gbà á nígbà tí a fún wọn ní Stefon Diggs, receiver wa tẹ́lẹ̀?)

Ní ti Packers, láti ìgbà tí Davante Adams ti lọ sí Raiders ní 2022 títí sáà 2024 fi parí, kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó kó yáàdì 1,000. Ní 2023 àti 2024, wọ́n ń pín in láàárín Jayden Reed, Romeo Doubs àti Christian Watson. Ẹgbẹ́ tó dára ni wọ́n, ṣùgbọ́n n kò mọ ẹni tí n bá mú níbẹ̀ wá sídìí ọ̀rọ̀ yìí.

*Láti Michigan:*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Lions ni mò ń ṣe, n kò sì lè dákẹ́. Ẹ ò dárúkọ Amon-Ra St. Brown, receiver wa, rárá!

Receiver 16 ni wọ́n mú ṣáájú rẹ̀ ní draft 2021, ipò 112 ni wọ́n tó pè é, ó sì mọ orúkọ gbogbo àwọn 16 náà lórí. Mo mú àwọn ọmọ mi lọ wo ìgbáradì wọn ní Allen Park. Àwọn yòókù ti ń wọlé lọ, òun ṣì dúró níwájú ẹ̀rọ tó ń ta bọ́ọ̀lù, ó ń hán an. Bọ́ọ̀lù 202 ni àṣà rẹ̀ láti hán lẹ́yìn ìgbáradì. Ọmọkùnrin mi kò fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Ẹ ní kí a wo ẹni tí kò ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, ẹ wo òun náà. Tí Jahmyr Gibbs wa bá gbé bọ́ọ̀lù sáré, Amon-Ra ló máa ń ti ẹni tó ga jù ú lọ kúrò lọ́nà. Ìyẹn kò sí nínú iye yáàdì kankan. Ní 2024, ó hán bọ́ọ̀lù 115, ó gba touchdown 12.

Ẹ̀rù Jefferson ń bà mí o, n kò ní parọ́. Mo wà ní Ford Field ní oṣù Kejìlá 2022 nígbà tó kó yáàdì 223 lé wa lórí. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá gbéra sọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ń dìde. A ṣì borí, 34 sí 23. Ṣùgbọ́n tó bá di ìgbìyànjú kẹta (mẹ́rin ni wọ́n ń fúnni láti fi rìn yáàdì mẹ́wàá), tó ku yáàdì mẹ́fà, Amon-Ra ni kí Jared Goff, tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wa, jù ú sí.

*Láti Chicago:*

Tiwa, àwa Bears, kò pọ̀. DJ Moore kó yáàdì 1,364 ní 2023, ọdún àkọ́kọ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa láti Panthers. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 966. Wọ́n gbé Caleb Williams, tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wa, lulẹ̀ ní ìgbà 68 ní sáà yẹn, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè jù ú? Nítorí náà mo fara mọ́ ìbéèrè yín, ẹ̀gbọ́n Minnesota. Nígbà tí Bears pe Rome Odunze, receiver mìíràn, ní ipò 9 ní draft 2024, gbogbo ilé wa ló pariwo. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, Ìgbò ni orúkọ náà, tiwa ni.

*Láti Minnesota:*

Àbúrò mi ní Michigan, ní ti ìgbìyànjú kẹta, mo gbà fún ọ. Ní ti dídí ọ̀nà fún ẹni tó ń sáré, mo gbà. Ṣùgbọ́n Amon-Ra ní Jameson Williams tó ń sáré lọ jìnnà, tí safety (ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn pátápátá) gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé. Tí ẹ bá tún pàdé wa, kí bọ́ọ̀lù tó gbéra, ka iye àwọn tó kọjú sí Jefferson, kí o sì ka ti Amon-Ra. Bí o ṣe bá a gan-an ni kí o wá sọ ọ́ níbí.