Kọ̀ǹpútà géèmù mi ń kú lójijì lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ káàdì àwòrán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá agbára mi.

Káàdì àwòrán GTX 1650 ni mo ń lò tẹ́lẹ̀, kò yọ mí lẹ́nu rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ra RTX 3070 tòkunbọ̀. Tí mo bá ń wo fíìmù, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n kí n ṣáà ṣí géèmù bọ́ọ̀lù, kò ní pé ìṣẹ́jú 10 tí yóò fi kú fin-ín, á sì tún tan ara rẹ̀. Kernel-Power 41 (àmì pé kọ̀ǹpútà kú láìjẹ́ pé a pa á bó ṣe yẹ) nìkan ni Windows ń kọ sílẹ̀.

Mo ti fi DDU, ètò tó ń nu dráífà kúrò, pa dráífà àtijọ́ (ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo káàdì) rẹ́, mo fi tuntun sí i. Mo yọ káàdì, mo tún un kì bọ̀ ọ́. Ooru rẹ̀ kò kọjá 70°C. Mo fura sí iná ìjọba, àmọ́ bákan náà ló ṣe lórí ínfátà. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí mo dín iná tí káàdì ń fà kù sí 70%, mo gbá bọ́ọ̀lù fún wákàtí méjì gbáko, kò kú! PSU mi (àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) 450W ni, wáyà kan ṣoṣo tó pín sí ẹnu méjì ló sì ń gbé iná fún káàdì. Káàdì yìí nìkan lè fa 220W, PSU 650W ni wọ́n sì ní kéèyàn lò fún un. (Mo mọ̀, ó yẹ kí n ti kà á kí n tó náwó.)

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta tí ẹni tó tà á fún mi lè gbà á padà. Ṣé kí n lọ ra PSU 650W, àbí kí n tètè dá káàdì yìí padà?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ yín.