Wọ́n ń bá wa jó, ṣùgbọ́n wọn kì í padà wá: báwo la ṣe lè ní olólùfẹ́ orin wa tí yóò dúró tì wá?

Olùbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, ẹ̀yin àgbà akọrin àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi gbogbo. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti oṣù tó kọjá.

Àwa méje la wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìhìnrere wa, ó sì ti di ọdún kẹrin tí a ti ń kọrin pọ̀. Ibi tí wọ́n bá pè wá sí, a kì í dójú ti ẹni tó pè wá. Àwọn èèyàn á dìde, wọ́n á jó, ẹlòmíì á sunkún. Bí a bá ti sọ̀kalẹ̀, wọ́n á dì mọ́ wa, wọ́n á ní Olúwa yóò máa lò wá. Ó parí síbẹ̀ nìyẹn. Bí àwa fúnra wa bá wá pe ètò orin, a ò ní rí wọn mọ́. Oṣù tó kọjá, ọgọ́rùn-ún àga la tò. Mo ń kọrin lọ́wọ́, mo sì ń fi ojú kà wọ́n: èèyàn mọ́kànlélógún, mẹ́sàn-án nínú wọn sì jẹ́ ẹbí wa. Omi bọ́ lójú mi, àwọn èèyàn rò pé ẹ̀mí ló bà lé mi.

Àwọn kan nínú wa ní ká lọ san owó ìpolówó. Àwọn kan ní ká fi irú orin tí à ń kọ sílẹ̀, ká máa kọ èyí tó ń lọ lóde báyìí. Èmi ní tèmi, ẹ̀rù ń bà mí pé bóyá ògo ara wa là ń wá, bí a bá ń wá olólùfẹ́ kiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Olùdarí akọrin, ó lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́

Àbúrò mi, o kú ìrọ́jú. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹrù ìkẹyìn yẹn kalẹ̀ lórí rẹ. Ìhìn rere lorúkọ ohun tí ẹ̀ ń kọ, a kì í sì í jẹ́ ìhìn fún àga. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pé kéèyàn fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun.

Ní báyìí, yọ ẹbí yín kúrò nínú mọ́kànlélógún yẹn, ó ku méjìlá. Kí lorúkọ wọn? Ta ló mú wọn wá? Orin wo ni wọ́n bá yín gbè dé òpin? Àga mọ́kàndínlọ́gọ́rin tó ṣófo lò ń sunkún lé lórí, àwọn méjìlá tó kúrò nílé wọn nítorí yín wà níwájú rẹ, o ò sì sọ ọ̀rọ̀ kan nípa wọn nínú gbogbo ohun tí o kọ. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti pé kí ẹ fi orin yín sílẹ̀, ẹ rántí Fisk Jubilee Singers, ẹgbẹ́ akọrin ilé ẹ̀kọ́ gíga Fisk. October 6, 1871 ni wọ́n kúrò ní Nashville ní Amẹ́ríkà, akọrin mẹ́sàn-án, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣe ẹrú rí, láti lọ wá owó tí ilé ẹ̀kọ́ wọn kò fi ní kógbá wọlé. Orin tó gbayì láàárín àwọn òyìnbó ìgbà náà ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ jù. Owó kò wọlé, òtútù ń mú wọn, àwọn ilé ìtura kan kò gbà wọ́n. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, wọ́n dúró níwájú àpéjọ àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní ìlú Oberlin, wọ́n sì kọ orin tí àwọn òbí wọn ń kọ lóko ẹrú, èyí tí ojú ti ń tì wọ́n láti kọ níta tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní 1873, wọ́n kọrin níwájú Ọbabìnrin Victoria ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó tí wọ́n rí ni wọ́n sì fi kọ́ Jubilee Hall, ilé ńlá kan nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ẹgbẹ́ náà wà ní Fisk títí di òní. Orin tó jẹ́ tiwọn ló mú èèyàn dúró tì wọ́n.

Olùgbọ́ kan

Èmi kì í ṣe akọrin, olùgbọ́ ni mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ tiwa.

Ẹgbẹ́ kan wà tí mo fẹ́ràn orin wọn gan-an. Mo délé, mo wá orúkọ wọn lórí fóònù, n ò rí i. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sórí YouTube yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sórí Facebook, ti ara aṣọ wọn tún yàtọ̀. Ìgbà tí mo wá rí wọn, owó ni wọ́n ń tọrọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kọ. Mo kúrò níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ kejì, lẹ́yìn ètò, obìnrin kan tó ń kọ áltò wá bá mi, ó béèrè orúkọ mi, ó ní orin wo ló wọ̀ mí lára. Mo dárúkọ ọ̀kan, mo sì sọ fún un pé èyí tí mo máa kọ fún màmá mi nìyẹn, nítorí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an, fóònù mi dún. Ó ti gba ẹsẹ orin yẹn sílẹ̀, òun nìkan, kò sí dùùrù, kò sí ìlù, ó sì dárúkọ màmá mi nínú rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Láti ọjọ́ náà, n kì í pa ètò wọn jẹ, èmi sì ti mú èèyàn mẹ́jọ wá síbẹ̀.

Ẹni tó ń bójú tó ìkànnì ẹgbẹ́ wa

Ọ̀rọ̀ olùgbọ́ yìí ti tó, ṣùgbọ́n ẹ nílò ọ̀nà tí ẹ ó fi máa rí wọn. Ẹ fi ìwé àti bírò sí ẹnu ọ̀nà, kí àwọn èèyàn kọ orúkọ àti nọ́ńbà wọn síbẹ̀, kí ẹnì kan sì dúró tì í. Bí ẹ bá fẹ́ máa fi WhatsApp broadcast ránṣẹ́, ìyẹn ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ń lọ bá ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ mọ̀ pé èèyàn 256 ni list kan ń gbà, àti pé ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ kò ní rí i gbà. Nítorí náà, ojú ẹsẹ̀ ni kí ó ti fi í pamọ́, kó tó jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra ọmọlẹ́yìn ayédèrú lórí ìkànnì. Wọn ò lè jókòó sórí àga. Owó ìpolówó kò burú, ṣùgbọ́n ẹ dúró dìgbà tí ẹ bá ní orin kan tí àwọn èèyàn ti ń kọ nílé láìsí yín.

Onídùùrù

Ẹ̀gbọ́n olùdarí, mo gba tiyín, àmọ́ mi ò gbà pé kí wọ́n má fọwọ́ kan orin wọn rárá. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń kọ orin tí ará ìjókòó kò lè gbè. Ègbè á gùn bí ìwàásù, olórin tó ń lé e á sì gbé e sókè débi tí ọkùnrin kankan kò lè bá a débẹ̀.

Ẹ dán èyí wò. Bí ègbè bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kí ìlù àti dùùrù dákẹ́, kí àwọn akọrin náà panu mọ́. Bí àwọn èèyàn bá ń bá a lọ, orin ti di tiwọn. Bí gbogbo ilé bá pa lọ́lọ́, ẹ padà sí ìdánrawò, ẹ gé ègbè náà kù sí gbólóhùn kan tàbí méjì, kí ẹ sì sọ ohùn kalẹ̀. Àwa sọ orin kan kalẹ̀ ní ìwọ̀n ìró mẹ́ta báyìí, ẹni tó ń lé e sì bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ kan, títí ó fi gbọ́ bí ilé ṣe ń dáhùn.

Olùbéèrè

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo pe àwọn yòókù jọ ní alẹ́ àná. Nínú àwọn méjìlá, orúkọ mẹ́rin péré la mọ̀. Ojú tì wá.

Màmá kan wà nínú àwọn mẹ́rin náà tí àwa ò mọ̀ pé ó ti wá sí ètò wa ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo wá nọ́ńbà wọn, mo pè wọ́n lọ́sàn-án òní láti dúpẹ́. Mo béèrè orin tí wọ́n fẹ́ràn. Wọ́n mú un sẹ́nu lórí fóònù, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orin tí a ti pa tì láti ọdún kejì sẹ́yìn ni, nítorí a rò pé ó ti rọrùn jù fún wa. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo ti ń dúró kí ẹ kọ ọ́."

A ó kọ ọ́ ní ìdánrawò ọjọ́ Sátidé. Mo ti ní kí wọ́n wá, wọ́n sì ní àwọn ń bọ̀.